Ilẹ̀kùn Orí Bọ́ọ̀sì

Bí ẹ bá ní kí àwọn ará ìjọ yẹn sọ ohun tí wọ́n kó lọ sí ìrìnàjò ìhìnrere lọ́dún náà, wọ́n á ka Bíbélì, wọ́n á ka aṣọ, wọ́n á ka ọṣẹ àti oògùn ibà, wọ́n á wá wo ara wọn lójú, wọ́n á sì bú sẹ́rìn-ín. Nítorí pé ilẹ̀kùn ni wọ́n gbé lọ. Odidi ilẹ̀kùn o, pákó líle gidi, èyí tí ọkùnrin mẹ́rin làágùn kí wọ́n tó gbé e gun orí bọ́ọ̀sì. Ó kọjá bọ́dà, ó rí ìlú ńlá, ó rí omi tó ń já láti orí àpáta. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló wà láyé tí kò tíì rìn tó ilẹ̀kùn yẹn.

Ẹni tó ṣe é ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Opó ni. Ìyàwó Káfíńtà ni gbogbo àdúgbò ń pè é nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, nígbà tí ọkọ náà sì kú, wọn ò yí orúkọ padà, àfi bí ẹni pé ọkùnrin náà kàn yà lọ ra ìṣó.

Ẹ̀yìn ló ń dun ọkọ yìí. Ó bẹ̀rẹ̀ bí eré, ó wá di ohun tí kò jẹ́ kí ó lè bẹ̀rẹ̀ mú pákó nílẹ̀ mọ́. Ló bá gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, ó jókòó tì í, ó ń fi ẹnu ṣiṣẹ́, ìyàwó ń fi ọwọ́ ṣe é. "Má tẹ ayùn yẹn mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ayùn kì í ṣe ọ̀tá ẹ." "Fọwọ́ pa á wò, ojú ń tan èèyàn." "Pákó ò mọ ìbínú o, ìyàwó mi. Tí inú bá ń bí ẹ, lọ mu omi ná." Báyìí ni wọ́n ṣe é fún ọdún gbọọrọ, títí ó fi di pé ọkọ á sùn lọ lórí àpótí, iṣẹ́ á sì máa lọ geere. Bí oníbàárà bá dúró ní títì tí ó ké pe "Káfíńtà!", ọkọ ló ń dáhùn, ìyàwó ló ń dìde. Lẹ́yìn tí ó kú, àwọn oníbàárà ò tilẹ̀ jẹ́ kí omijé gbẹ kí wọ́n tó tún máa gbé iṣẹ́ wá. Ẹni tí àga rẹ̀ ń mì kò bèèrè bóyá ọkùnrin ló tún un ṣe àbí obìnrin, ó ṣáà fẹ́ jókòó. Ṣọ́ọ̀bù yẹn ló ń bọ́ ọ, òun náà ló sì ń tù ú nínú, nítorí ibẹ̀ ni ohùn ọkọ rẹ̀ ṣì wà.

Ṣùgbọ́n ọkọ rẹ̀ ní ẹ̀gbọ́n. Káfíńtà ni òun náà, òun sì ni alága ìgbìmọ̀ ìkọ́lé ìjọ, ni gbogbo ayé fi ń pè é ní Alága, títí kan ìyàwó rẹ̀ nínú ilé. Kì í ṣe èèyàn burúkú, ẹ má ṣì mí gbọ́. Òrùlé àwọn arúgbó ìjọ tí ó ti tún ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ kò níye. Àmọ́ lójú tirẹ̀, obìnrin àti ayùn dà bí omi àti òróró, wọn ò lè pò. "Ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ni," ló máa ń wí. "Ti ìdílé ni. Ìyàwó ti gbìyànjú, kí ó lọ wá nǹkan tó wuyì ṣe." Ìyàwó ló ń pè é, kò pè é ní nǹkan mìíràn rí, bí ẹni pé àná ni wọ́n mú un wọlé.

Ìpàdé ìrìnàjò ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́. Lọ́dún tó ṣáájú, àwọn ọkùnrin ìjọ ti lọ bá àwọn ará wọn kan lórí òkè kan nílẹ̀ òkèèrè kọ́ ilé ìsìn. Ògiri ti dúró, òrùlé ti wà lórí, Alága fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ri férémù ẹnu ọ̀nà mọ́ ògiri. Ilẹ̀kùn ló kù. Pásítọ̀ wá bèèrè pé, "Ta ni yóò ṣe ilẹ̀kùn fún Olúwa?" Àwọn èèyàn ń wo ilẹ̀, wọ́n ń wo àjà. Ìyàwó Káfíńtà nawọ́ sókè.

"Èmi á ṣe é, Pásítọ̀."

Alága rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ilẹ̀kùn ilé Ọlọ́run kì í ṣe ẹsẹ̀ àpótí o."

"Mo mọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe ẹsẹ̀ àpótí náà."

Ẹ̀rín ta. Ẹ̀rín yẹn ló dun Alága. Ó dìde dúró, ó gbọn agbádá rẹ̀ sẹ́yìn, ó ní: "Ó dáa. Kí gbogbo ìjọ ṣe ẹlẹ́rìí. Bí ilẹ̀kùn yẹn bá bọ́ sínú férémù mi lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, tí ó ṣí, tí ó sì tì, n kò ní dárúkọ ṣọ́ọ̀bù mọ́ títí tí wọ́n á fi sin mí. Bí kò bá bọ́ síbẹ̀, kí ìyàwó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi ní ọjọ́ tí a bá délé."

"Alága," ni Pásítọ̀ wí, "ṣé inú ṣọ́ọ̀ṣì la ti wá ń ta tẹ́tẹ́?"

"Kì í ṣe tẹ́tẹ́, Pásítọ̀. Ìdánwò ni."

Ìyàwó Káfíńtà ní, "Mo gbọ́, Ẹ̀gbọ́n." Lójú gbogbo wọn ni Alága ti fún un ní ìwọ̀n férémù náà, ìbú àti gíga, obìnrin náà sì lọ sílé lọ ṣiṣẹ́.

Ẹ tún gbọ́ eléyìí, nítorí ó máa wúlò níwájú. Nínú ìjọ wọn, bí wọ́n bá fẹ́ ya ilé ìsìn tuntun sí mímọ́, gbogbo èèyàn á fi orin yí ilé náà po lóde, pásítọ̀ á wá fi ọ̀pá kan ilẹ̀kùn. Ẹnì kan ṣoṣo á wà nínú ilé, á bèèrè pé, "Ta nìyẹn?" Wọ́n á dáhùn, ẹni inú ilé á ṣílẹ̀kùn, ìgbà náà ni wọ́n tó lè wọlé. Ipò ńlá ni ipò ẹni inú ilé yẹn. Alága ló sì máa ń wà níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń bá a dù ú.

Ọjọ́ ìrìnàjò pé. Wọ́n fi tapólì wé ilẹ̀kùn, wọ́n so ó mọ́ orí bọ́ọ̀sì. Dẹ́rẹ́bà wọn ni wọ́n ń pè ní Sùúrù, torí pé kò tíì sáré ya ọkọ̀ kankan sílẹ̀ lójú ọ̀nà láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. Inú bọ́ọ̀sì kún àkúnya. Ọ̀rẹ́ Ìyàwó Káfíńtà, ìyá kan tó ń ránṣọ, jókòó tì í, ìkòkò ńlá kan wà lórí itan rẹ̀. "Ẹ wò mí bí mo ṣe rí," ni Ìyá Aránṣọ wí, "èmi tí mo sanwó ń gbé ìkòkò lẹ́sẹ̀, ilẹ̀kùn tí kò san kọ́bọ̀ na ara sókè, ó ń gba atẹ́gùn."

Ní bọ́dà, òṣìṣẹ́ kan ní kí wọ́n sọ ohun tó wà lókè kalẹ̀. Wọ́n ní ilẹ̀kùn ni. Ó ní ilẹ̀kùn kí ni. Wọ́n ní ilẹ̀kùn lásán. Ó ní òun ò rí ẹni tó ń gbé ilẹ̀kùn lásán kọjá bọ́dà rí, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ kíá. Nígbà tí wọ́n tú tapólì, ó fi ìka kan ilẹ̀kùn náà kó-kó-kó, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. Ó fọwọ́ pa á láti òkè délẹ̀. "Ta ló ṣe èyí?" Gbogbo bọ́ọ̀sì ló nawọ́ sí Ìyàwó Káfíńtà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gbẹ́ni náà kó ẹsẹ̀ pọ̀, ó kí i bí wọ́n ṣe ń kí ọ̀gá, ó ní kí wọ́n máa lọ. Alága ń wo fèrèsé.

Pásítọ̀ wọn ò mọ ọ̀nà àbùjá. "Ọlọ́run ló dá ayé," ló máa ń wí. "Tí ó bá bi wá lọ́run pé ṣé a rí iṣẹ́ ọwọ́ òun, ṣé a máa sọ pé a sùn nínú mọ́tò ni?" Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi dúró ní olú ìlú, tí wọ́n gun ilé gogoro kan tó jẹ́ pé bí o bá dé òkè rẹ̀, mọ́tò á dà bí èèrà lójú ẹ. Pásítọ̀ ya fọ́tò gbogbo wọn, ó ya fọ́tò àtẹ̀gùn, ó ya fọ́tò páálí tí wọ́n kọ "Ẹ má ya fọ́tò" sí. Wọ́n tún wọ ilé kan tí wọ́n kó ohun àtijọ́ sí, àwọn yòókù sì ń wo adé àti idà. Ìyàwó Káfíńtà rí ilẹ̀kùn àtijọ́ kan nínú igun, ó kúnlẹ̀ ti ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó ń yọjú wo bí wọ́n ṣe so pákó pọ̀ mọ́ra. Ọlọ́dẹ ibẹ̀ pariwo mọ́ ọn. "Ẹ má bínú, ọ̀gá," ló wí, "ará ilé mi kan ni mo rí."

Ó wá ku omi yẹn. Láti ìgbà tí wọ́n ti ń gbé ara wọn ni ọkọ rẹ̀ ti lẹ àwòrán kálẹ́ńdà kan mọ́ ògiri ṣọ́ọ̀bù, omi ńlá tó ń já wálẹ̀ láti orí àpáta, funfun bí òwú. Bí iṣẹ́ bá sú wọn, ọkọ á nawọ́ sí i, á ní, "Èmi àti ìwọ máa débẹ̀." Wọn ò débẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà wá rí i lójú pátákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì pé omi náà kò jìnnà sí ọ̀nà wọn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gun Sùúrù lọ́rùn.

"Jọ̀ọ́, ọmọ mi, yà síbẹ̀. Mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ẹ́."

Alága ní àkókò ò sí. Pásítọ̀ ti ń yọ kámẹ́rà rẹ̀ síta. Wọ́n yà.

Ẹ̀yin ará, omi náà ń hó hòò, ilẹ̀ ń mì tìtì. Kí wọ́n tó dé ìdí rẹ̀ ni ìrì omi ti ń rọ̀ lé wọn lórí bí òjò, àwọn ìyá sì yarí pé gèlè àwọn ò ní tutù. Kí ni Ìyàwó Káfíńtà gbọ́ bẹ́ẹ̀ sí! Ó gun orí bọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀, ó tú tapólì kúrò lára ilẹ̀kùn, ó jù ú sílẹ̀. Gbogbo wọn wọ abẹ́ rẹ̀, wọ́n dì í mú lórí, wọ́n ń kọrin lọ síbi omi bí ẹni tí ó ń sin ìyàwó. Nígbà tí wọ́n débẹ̀, Ìyàwó Káfíńtà nìkan ló jáde kúrò lábẹ́ tapólì. Ó dúró nínú omi, ojú rẹ̀ sókè, ó ń pariwo pé, "Mo dé o! Bàbá, mo dé o!" Ìyá Aránṣọ mọ bàbá tí ó ń pè, ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Nígbà tí wọ́n padà, ilẹ̀kùn ti rin gbingbin, tapólì ń ro tótó. Wọ́n fi tapólì náà wé e padà bẹ́ẹ̀. Sùúrù bèèrè pé, "Ìyá, ṣé omi ò ní ṣe é ní nǹkan?"

"Ilẹ̀kùn tí mo fi òróró pa lẹ́ẹ̀mẹ́ta?" Ayọ̀ ti gbé e lọ, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Òjò tún bá wọn rìn láti ibẹ̀ títí wọ́n fi dé ẹsẹ̀ òkè tí wọ́n ń lọ.

Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n dé, ìyàsímímọ́ di ọjọ́ Àìkú. Pásítọ̀ ibẹ̀, ọkùnrin tín-ín-rín kan tí ẹ̀rín rẹ̀ tóbi ju ojú rẹ̀ lọ, mú wọn lọ wo ilé ìsìn. Ẹní ni wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà. Sùúrù tó gbọ́ díẹ̀ nínú èdè wọn túmọ̀ fún wọn pé láti ọdún tó kọjá ni àwọn ewúrẹ́ ìlú ti ń sùn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, pé ní ọjọ́ ìsìn, kí wọ́n tó kọrin, wọ́n á kọ́kọ́ lé ọmọ ìjọ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin jáde. Ọkùnrin náà rí ilẹ̀kùn, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tì í lára. Bẹ́ẹ̀ ni.

Wọ́n gbé e dé ẹnu ọ̀nà. Kò wọlé.

Wọ́n yí i. Wọ́n gbé e sókè díẹ̀. Kò wọlé. Gíga rẹ̀ dáa, ìbú ló ju férémù lọ, kò jù ú lọ púpọ̀, ìwọ̀n ìka ọmọdé, àmọ́ ilẹ̀kùn tó fi ìka kan ju ẹnu ọ̀nà lọ àti èyí tó fi ilé kan jù ú lọ, ọ̀kan náà ni wọ́n. Alága kò rẹ́rìn-ín, ó kàn mí kanlẹ̀, ìyẹn ló burú jù.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wá sọ́kàn obìnrin náà, torí pé kì í ṣe èrò mímọ́. Ó rò pé Alága ti fún òun ní ìwọ̀n èké. Ọkàn rẹ̀ gbóná bí iná. Ó gé igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, ó fi wọn ìbú férémù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó gé e géérégé. Ó fi okùn ìwọ̀n rẹ̀ wọn igi náà. Ohun tí Alága sọ fún un ló bá, kò lé, kò dín. Férémù yẹn tọ́ débi pé ó dùn ún.

Ó wá fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn. Ó tutù, ó sì rọ̀ lábẹ́ ìka. Iwájú àti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni ó fi òróró pa. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ yíká ni ó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí ó lè rí ààyè fá a díẹ̀ bí ó bá débẹ̀. Omi ti gba ibẹ̀ wọlé, tapólì tútù sì ti sé e mọ́nú. Ilẹ̀kùn ti wú. Òun ló ní kí wọ́n yà, òun ló tú tapólì, òun ló ní kí wọ́n wé e padà. Kò sí ọ̀tá níbì kankan. Ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀tẹ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, Alága dé pẹ̀lú ìfági rẹ̀ lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fi ń fá pákó. Ó ti pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀.

"Ìyàwó, sún. Jẹ́ kí n fá a. Ká tó mu tíì tán, ó ti wọlé."

Obìnrin náà lè gbà. Ẹ rò ó wò. Ilẹ̀kùn á wọlé, ewúrẹ́ á gbélé wọn, Pásítọ̀ á rí ohun kàn. Ó mọ̀ pé Alága á sọ pé òun ló tún un ṣe, pé ṣọ́ọ̀bù sì lọ nìyẹn, àmọ́ kì í ṣe ìyẹn nìkan. Ó mọ ohun tí pákó yẹn máa ṣe bí ó bá gbẹ. Á súnkì padà, àlàfo á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí ọwọ́ á gbà kọjá, àwọn èèyàn wọ̀nyí á sì tún lọ mú ẹní wọn wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má fá a. Ó wú ni, kò tóbi. Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́."

"Ọ̀la ni ìyàsímímọ́, ìyàwó!"

"Mo mọ̀."

"O sì rántí ohun tí mo sọ nípa ṣọ́ọ̀bù?"

"Mo rántí, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ má fá a."

Alága wò ó títí. "Ó kéré tán, gbé e sínú oòrùn."

"Oòrùn á ká a, á wọ́. Atẹ́gùn ló fẹ́."

Alága fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn náà wò. Ó mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó gbé ìfági rẹ̀, ó lọ.

Àárín ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀nà tóóró kan wà níbẹ̀ tí atẹ́gùn òkè ń gbà kọjá fìì-fìì láìsinmi, oòrùn ò sì débẹ̀. Ìyàwó Káfíńtà àti Sùúrù gbé ilẹ̀kùn lọ síbẹ̀, wọ́n fi igi méjì gbé e sókè kúrò nílẹ̀, obìnrin náà sì jókòó tì í. Bí àwọn yòókù ṣe ń gbálẹ̀, tí wọ́n ń to àga, tí wọ́n ń pín aṣọ àti oògùn fún àwọn ará ìlú, òun ń yí ilẹ̀kùn. Apá ọ̀tún dòkè, apá òsì dòkè. Bí ó bá yí i tán, á fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn wọ̀n ọ́n. Ilẹ̀kùn ṣì ju igi lọ. Á tún yí i. Ìyá Aránṣọ gbé oúnjẹ wá fún un. "Ṣé ilẹ̀kùn ni àbí ọmọ àìsàn?" ló bi í. Kò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó ti súnkì. Ó dá a lójú pé ó ti súnkì, àmọ́ igi ṣì kúrú. Ó rí ṣọ́ọ̀bù náà lójú inú rẹ̀, tábìlì tó ti gbó, àpótí ẹnu ọ̀nà, kálẹ́ńdà lára ògiri, ó rí i tí Alága ń yọ kálẹ́ńdà. Ó gbọ́ nígbà tí Alága ń sọ fún Pásítọ̀ níwájú ilé pé, "Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí kíkàn. Ká kàn kọrin wọlé lọ́la. Èmi náà á wà lóde pẹ̀lú yín." Inú bí i. Ó fẹ́ dìde kí ó lọ gba ìfági yẹn. Ó wá rántí ẹnì kan lórí àpótí, ó lọ mu omi.

Ilẹ̀ ọjọ́ Àìkú ń mọ́ bọ̀, àwọn yòókù ṣì wà nílé àwọn tó gbà wọ́n lálejò nísàlẹ̀ òkè. Òun àti Sùúrù nìkan ló wà lókè. Atẹ́gùn ti fẹ́ láti alẹ́, afẹ́fẹ́ gbígbẹ. Ó mú igi rẹ̀, ó nà án sí ìbú ilẹ̀kùn. Ó wò ó. Ó nu ojú nù, ó tún wò ó.

"Sùúrù."

"Ìyá?"

"Wá fojú ẹ wo nǹkan yìí. Èmi ò gba ojú mi gbọ́."

Igi àti ilẹ̀kùn dọ́gba. Ilẹ̀kùn tilẹ̀ fi bí irun kan dín sí igi. Ó fi òróró gbígbóná pa gbogbo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí omi ayé má baà ríbi gbà wọlé mọ́, ó nù ún gbẹ. Wọ́n gbé e. Sùúrù fi èjìká gbé e ró láti ìta, ó ń mí bí màlúù, Ìyàwó Káfíńtà wà nínú ilé, ó ń fi ìṣó de àgbékọ́, irin tí ilẹ̀kùn fi ń ṣí, mọ́ férémù. Òkè, àárín. Ó ku ti ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ orin láti ẹsẹ̀ òkè.

"Ìyá, wọ́n ti ń bọ̀!"

"Lọ bá wọn. Má sọ nǹkan kan. Gbọ́, fà á mọ́ra bí o ṣe ń lọ."

Sùúrù fa ilẹ̀kùn. Ó wá jẹ́jẹ́, ó bọ́ sínú férémù Alága, ó ní *tọ́*. Ohùn kan ṣoṣo, kò tún dún mọ́. Ìmọ́lẹ̀ kúrò nínú ilé àfi èyí tó gba fèrèsé wọlé. Obìnrin náà dá wà nínú òkùnkùn díẹ̀ yẹn, òòlù lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín bí wèrè. Ó kúnlẹ̀, ó parí ìṣó ìsàlẹ̀.

Lóde, orin yí ilé náà po. Wọ́n gba ẹ̀yìn, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́, wọ́n yọ síwájú, orin sì gé. Ilẹ̀kùn wà níbẹ̀. Ó wà ní títì. Ará ibẹ̀ kan pariwo, àwọn ọmọdé ń fò. Pásítọ̀ yíjú wo Alága, Alága ń wo ilẹ̀kùn, kò sẹ́jú.

"Alága, ta ló wà nínú ilé?"

"N kò mọ̀, Pásítọ̀."

Pásítọ̀ fi ọ̀pá kàn án. Kó. Kó. Kó.

Láti inú ilé, ohùn obìnrin kan jáde ketekete: "Ta nìyẹn?"

Ìyá Aránṣọ figbe ta, ó fò mọ́ ẹni tó wà nítòsí rẹ̀. Ẹ̀rín ti ń gbọ̀n ohùn Pásítọ̀ nígbà tí ó dáhùn pé, "Àwa ìránṣẹ́ Ọlọ́run ni! Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wa, kí a wọlé wá yìn ín!"

"Mo gbọ́. Ṣé Alága wà láàárín yín?"

"Ó wà níbí," ni Pásítọ̀ wí.

"Kí ó wá fọwọ́ ara rẹ̀ tì í."

Wọ́n lànà fún un. Alága gòkè sí ẹnu ọ̀nà, ó na ọwọ́ méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ ti mọ́tò, ó rò ó, ó wá sọ ọ̀kan sílẹ̀. Ìka kan ló fi tì í. Ilẹ̀kùn ṣí láìdún, ó lọ bí ìgbà tí èèyàn ń ṣí ojú láti ojú oorun, ó sì dúró síbi tó yẹ kí ó dúró. Ìyàwó Káfíńtà dúró níbẹ̀, èérún igi wà lórí gèlè rẹ̀.

Ẹ máa rò pé Alága á wọlé. Kò wọlé. Káfíńtà ni, kò lè ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Ó fa ilẹ̀kùn padà, ó tì í mọ́ obìnrin náà lójú. *Tọ́*. Ó ṣí i. Ó tún tì í. Ó tẹ̀ ba, ó yọjú wo ìsàlẹ̀, ó fi èékánná gba àlàfo ẹ̀gbẹ́ láti òkè wálẹ̀, ó ń wá ibi tó ti fẹ̀ jù, ó ń wá ibi tó ti há jù. Gbogbo ìjọ orílẹ̀-èdè méjì dúró sínú oòrùn, wọ́n ń wò ó. Kò rí nǹkan kan. Nígbà tí ó nà ró, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó bọ́ fìlà rẹ̀.

"Ẹ̀yin ará, ẹ ṣe ẹlẹ́rìí bí ẹ ti ṣe lọ́jọ́ sí," ló wí. "Ọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù ti parí." Ó yíjú sí i. "Káfíńtà, ẹ kú iṣẹ́."

Obìnrin náà gbọ́ orúkọ náà, ó sì fẹ́ bojú wẹ̀yìn, kí ó wo ẹni tí wọ́n ń pè, kí ó wo ọkùnrin orí àpótí tó máa ń dáhùn sí i. Kò sí ẹnì kankan lẹ́yìn rẹ̀, àfi àwọn àga tí wọ́n tò. Òun ni. Omijé dà lójú rẹ̀ wálẹ̀ wìì, kò nù ún.

"Ẹ ṣeun, Ẹ̀gbọ́n," ló wí. Ó fi ẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn kí ọ̀nà lè fẹ̀. "Ẹ máa wọlé o. Àmọ́ kí ẹni tó bá wọlé gbẹ̀yìn tì í, torí mo ti rí ewúrẹ́ kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn yín."